Igi Páìnì ní Àgbàlá

Ọ̀rọ̀ igi ni ọ̀rọ̀ òní, igi kan pàtó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ gbìn sí iwájú ilé, tí ó sì jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ ọ́n dáadáa kí wọ́n tó náwó lé e lórí. Igi páìnì ni.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí ilẹ̀ Okun, tí koríko gbẹ, tí eruku pupa bo ewé ẹ̀bá ọ̀nà, tí igi òsè sì dúró ní ìhòòhò, ojú a máa wá ohun tútù tí yóò fi sinmi. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé àwọn ọmọ ìlú tí ń bẹ ní Lọ́kọ́ja, ní Abuja àti ní Èkó, nígbà tí wọ́n bá wálé kọ́lé, a máa béèrè igi tí ewé rẹ̀ kì í tán lórí láti ọdún dé ọdún, irú èyí tí wọ́n rí níwájú ilé ìjọba tàbí nínú àwòrán ilẹ̀ òkèèrè. Wọn a ní páìnì ni àwọn ń fẹ́. Ẹni tí ń ta igi kéékèèké lẹ́bàá ọ̀nà yóò sì fún wọn ní ohun kan tí òun náà ń pè ní páìnì. Nígbà tí yóò fi di ọdún kejì, igi náà ti kú, tàbí ó ti di ohun mìíràn tí kì í ṣe páìnì rárá. Owó ti lọ, àyè ti ṣòfò, ìfẹ́ igi gbígbìn sì ti kúrò lọ́kàn onílé.

Nítorí náà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ igi náà sójú. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ń pè ní páìnì, tí a máa ń rí ní àgbàlá àwọn ilé ìjọba àtijọ́ àti ti ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí ń súfèé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, kì í ṣe páìnì. Kasuarína ni orúkọ rẹ̀. Ọsirélíà, gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà àti àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì ni ó ti wá. Ohun tí ó dàbí ewé lórí rẹ̀ kì í ṣe ewé, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ni. Bí a bá di ọ̀kan mú ní ìka méjì, tí a sì rọra fà á, yóò já ní oríkèé bí ọparun kékeré. Ní oríkèé kọ̀ọ̀kan ni ewé rẹ̀ gan-an wà, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dàbí eyín ayùn tín-ín-rín. Igi rere ni Kasuarína, kì í ṣe igi ẹ̀tàn. Ní etíkun Senegal, wọ́n gbin ín lọ jàǹtìrẹrẹ láti dá iyanrìn dúró kí ó má baà bo oko ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra Kasuarína ní orúkọ páìnì yóò tọ́jú rẹ̀ ní ìtọ́jú tí kò bá a mu.

Èkejì ni igi gígùn gbọọrọ tí ewé rẹ̀ bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí aṣọ egúngún, tí wọ́n sì ti ń fi egúngún pè é. Láti Íńdíà àti Sri Lanka ni òun ti wá. Ewé rẹ̀ gùn, ó fẹ̀, ó sì ń dán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fojú kan ewé páìnì lẹ́ẹ̀kan kò tún lè ṣi òun mú fún páìnì mọ́.

Páìnì tòótọ́ ní ewé tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ìránṣọ. Ewé wọ̀nyí kì í dá hù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú irú èyí tí ó lè gbé ilẹ̀ gbígbóná, mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń so pọ̀, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì dì wọ́n ní ìdí bí ìgbà tí a fi òwú di ìgbálẹ̀. Bí a bá ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, oje tí ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ yóò jáde, òórùn rẹ̀ a sì le nímú. Èso rẹ̀ le bí igi, ó ní ìpẹ́ lára bí akika, abẹ́ ìpẹ́ wọ̀nyí sì ni hóró irúgbìn ń gbé. Ẹni tí ó bá lọ ra páìnì, kí ó fa ewé rẹ̀, kí ó ka iye tí ó so pọ̀, kí ó sì gbóòórùn rẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú méjì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó yẹ kí a là yé ara ẹni nípa igi tí kì í wọ́wé. Àwọn kan rò pé igi bẹ́ẹ̀ kò ní da ewé kankan sílẹ̀, wọ́n sì ń bínú nígbà tí wọ́n bá bá ewé gbígbẹ ní abẹ́ rẹ̀. Kò sí igi tí ewé rẹ̀ kì í gbó. Ewé páìnì kan lè lò tó ọdún méjì lórí igi kí ó tó já bọ́. Kìkì pé wọn kì í bọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni igi fi ń wà ní tútù nígbà gbogbo. Bí ó ti rí fún igi máńgòrò nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni fún igi ọsàn àti pèrègún tí ó ti wà ní ìdí ọgbà àwọn baba ńlá kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ páìnì. Bí ó bá jẹ́ ibòòji nìkan ni onílé ń wá, kí ó gbin máńgòrò, yóò rí ibòòji, yóò sì rí èso jẹ. Páìnì wà fún ẹni tí ó fẹ́ igi gíga tí ó dúró ṣánṣán, tí ojú rẹ̀ sì gbà láti dúró dè é.

Irú páìnì pọ̀ lórí ilẹ̀ ayé, wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ti ilẹ̀ yìnyín, ẹni tí ó bá sì gbé irúgbìn wọn láti London wá sí Iyara kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Èyí tí ó bá ilẹ̀ Okun mu ni páìnì Karibíánì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pinus caribaea. Orílẹ̀-èdè Honduras, Nicaragua, Belize, Cuba àti àwọn erékùṣù Bahamas ni ilé rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbóná ni ibẹ̀, òjò ń rọ̀ ní àsìkò kan, ọ̀dá sì ń dá ní àsìkò mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láti Kabba títí dé Ogidi. Òjò ọdún kan ní agbègbè yìí ju 1,000 mílímítà lọ, ẹ̀ẹ̀rùn sì ń gba nǹkan bí oṣù márùn-ún. Páìnì Karibíánì lè fara da èyí. Ilẹ̀ olókùúta, oníyanrìn, tí kò sanra, tí iṣu kò ti ṣe dáadáa, kì í bà á lẹ́rù. Ohun tí kò lè fara dà ni àbàtà àti ibi tí omi ti ń dúró lẹ́yìn òjò. Ní Nàìjíríà, a ti gbin irú igi yìí ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Òkè Ngwo, lẹ́bàá Enugu, igbó páìnì kan wà tí àwọn arìnrìn-àjò ń lọ wò. Ní Afaka, lẹ́bàá Kaduna, àwọn onímọ̀ igbó tí ibùjókòó wọn wà ní Samaru, ní Zaria, dán an wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kabba àti Ìjùmú wà láàárín àwọn ibi méjèèjì yìí, nítorí náà kì í ṣe àjèjì ohun ni ẹni tí ó bá gbìn ín sí Iyara ń ṣe.

Bí ilẹ̀ bá gbà á, tí òjò sì tó o, kí ni ó ha ń pa á? Ibí ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Igi páìnì kì í dá gbé. Ó ní ọ̀rẹ́ kan nínú ilẹ̀, bí ọ̀rẹ́ náà kò bá sì sí níbẹ̀, omi tí a ń bù àti ajílẹ̀ tí a ń dà kò ní sọ ọ́ di igi alágbára.

Ọ̀rẹ́ yìí jẹ́ ẹbí olú. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ olú tí ń hù nígbà òjò, ṣùgbọ́n ohun tí a ń ká sínú agbọ̀n kàn jẹ́ èso rẹ̀ ni. Ara olú gan-an wà nínú ilẹ̀, òwú funfun tín-ín-rín ni, ó sì ń nà lọ láàárín erùpẹ̀. Ní 1885, onímọ̀ ewéko ará Jámánì kan, Albert Bernhard Frank, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Olú kan tí ń hù sábẹ́ ilẹ̀ ni ìjọba Prọ́ṣíà ní kí ó wádìí bí a ti lè gbìn, nítorí pé àwọn ọlọ́rọ̀ Yúróòpù ń fi owó gọbọi rà á jẹ. Níbi tí ó ti ń wú gbòǹgbò igi wò, ó rí i pé òwú olú bo ẹnu àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́ bí ìbọ̀sẹ̀, síbẹ̀ igi náà kò ṣàìsàn. Ó ní kì í ṣe àrùn, pé igi àti olú ń bọ́ ara wọn ni. Àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a jiyàn. Lẹ́yìn náà ó gbin páìnì kéékèèké sínú erùpẹ̀ igbó tí a ti fi ooru pa ohun alààyè inú rẹ̀, ó sì gbin àwọn mìíràn sínú erùpẹ̀ igbó tí a kò fọwọ́ kàn. Àwọn tí ó wà nínú erùpẹ̀ alààyè ni ó ṣe dáadáa.

Pàṣípààrọ̀ ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, bí ti ọjà. Òwú olú ń lọ sí ibi tí gbòǹgbò kò lè dé, ó ń wá oúnjẹ ilẹ̀ àti omi, ó sì ń gbé e wá fún igi. Igi, tí ewé rẹ̀ ń fi oòrùn ṣe ṣúgà, ń fún olú ní ìpín tirẹ̀. Kí èyí má jọ ìtàn àlọ́ létí ẹnikẹ́ni, ẹ rántí olú tí ń hù lórí òkìtì ọ̀gán. Ìyá àgbà tí ń wá olú mọ̀ pé níbi tí kò bá ti sí ikán, òun kò ní rí irú olú bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ọ̀ràn páìnì rí, àfi pé níbí, igi ni ó ń wá olú.

Ilẹ̀ Áfíríkà ìhà ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ ìbí páìnì, nítorí náà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sí nínú erùpẹ̀ oko lásán. Igi apá ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ abẹ́ apá kò ṣe é fi dípò ti abẹ́ páìnì. Ohun tí àìmọ̀ èyí lè fà hàn gbangba ní erékùṣù Puerto Rico, ní òkun Karibíánì. Láti nǹkan bí 1930 lọ ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti gbin páìnì níbẹ̀. Irúgbìn ń hù, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ewé wọn a di pupa rẹ́súrẹ́sú, wọn a dúró lójú kan, wọn a sì kú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó kọjá bẹ́ẹ̀. Ní 1955 ni wọ́n bu erùpẹ̀ láti abẹ́ páìnì ní North Carolina, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dà á sí ìdí àwọn igi kéékèèké náà. Láàárín ọdún kan péré, àwọn tí ó rí erùpẹ̀ náà gbà ti ga, ewé wọn tutù. Àwọn tí kò rí gbà sì wà ní ibi tí wọ́n wà. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ni.

Ní Nàìjíríà, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Momoh àti Gbadegesin ṣe ìwádìí lórí olú kan, Pisolithus tinctorius, láti mọ bí ó ti ń ran páìnì lọ́wọ́ nínú oko ní ilẹ̀ yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1980. Olú náà kò lẹ́wà. Ó rí bí ọmọ ọ̀dùnkún gbígbẹ tí ó yọ orí sókè láti inú ilẹ̀, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́, lúbúlúbú aláwọ̀ ilẹ̀ yóò tú jáde. Ẹni tí ó bá rí i lábẹ́ páìnì rẹ̀, kí ó má ṣe fi ọkọ́ tú u dànù.

Ní ti ìgbìn gan-an, ẹni tí ó bá fẹ́ ra igi tí ó ti hù, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń tà á bóyá ó po erùpẹ̀ abẹ́ páìnì mọ́ èyí tí ó wà nínú ọ̀rá. Bí olùtà náà kò bá mọ ohun tí à ń wí, kí olùrà lọ sí ibòmíràn. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó yẹ gbòǹgbò wò. Gbòǹgbò tí ó ti bá olú dọ́rẹ̀ẹ́ máa ń kúrú, ó ń wú díẹ̀, orí rẹ̀ a sì pín sí méjì bí igi tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe rọ́bà tí wọ́n ń ta ẹyẹ. Gbòǹgbò gígùn tín-ín-rín tí kò ní irú orí bẹ́ẹ̀ rárá jẹ́ àmì pé ọ̀rẹ́ kò tí ì dé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ láti inú irúgbìn, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó dùn. Hóró irúgbìn páìnì Karibíánì kéré. Kílò kan lè ju 50,000 hóró lọ, nítorí náà ẹ̀kúnwọ́ kékeré ti pọ̀ jù fún ilé kan. Kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé èso tí ó ṣà ní abẹ́ igi kan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, nítorí ní ilẹ̀ gbígbóná tí kò ga, ọ̀pọ̀ hóró inú èso páìnì yìí a máa ṣófo. Ilé Ìwádìí Ìmọ̀ Igbó ní Jericho, Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1954, jẹ́ ibi tí a ti lè béèrè irúgbìn tòótọ́. Àwọn ọ̀gá ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kabba kò sì jìnnà sí ẹni tí ń bẹ ní Iyara, bí ó bá fẹ́ ìmọ̀ràn nípa ilẹ̀.

Oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní ni ó dára láti gbin irúgbìn, kí igi lè tó gbé jáde nígbà tí òjò bá fìdí múlẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Kí a rẹ hóró sínú omi fún ọjọ́ kan. Kí a wá iyanrìn odò tí a fọ̀ mọ́, kí a fi hóró sí i, kí a sì bù iyanrìn lé e lórí ní ìwọ̀n sísanra hóró náà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, wọn yóò yọ orí, èèpo hóró a sì wà lórí wọn bí fìlà. Nígbà tí fìlà yìí bá bọ́, ó tó àkókò láti ṣí wọn lọ sínú ọ̀rá dúdú.

Erùpẹ̀ inú ọ̀rá ni kí a ṣọ́ra sí jù lọ. Kí a po iyanrìn mọ́ erùpẹ̀ dúdú, kí apá kan nínú mẹ́wàá sì jẹ́ erùpẹ̀ tí a bù láti abẹ́ páìnì tí ó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ sì le. Kí a má ṣe da eérú sí i. Ó wọ́pọ̀ pé kí a kó eérú ààrò lọ sí ìdí ewéko, ó sì ń ṣe ẹ̀fọ́ ní oore, ṣùgbọ́n páìnì fẹ́ ilẹ̀ tí ó kan díẹ̀, eérú a sì mú kí kíkan náà kúrò, àrùn tí ń mú ẹsẹ̀ igi kékeré rà a sì rí ọ̀nà wọlé. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tútù náà kò dára fún un. Kí a máa bomi rin ín níwọ̀nba ní òwúrọ̀, kí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí a sì máa dín imọ̀ náà kù díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn yóò fi máa ràn sí i lára ní kíkún. Páìnì tí a tọ́ sábẹ́ òjìji kì í lágbára.

Nígbà tí ó bá ga tó ínṣì 8 sí 12, kí a gbé e jáde. Kí ó má pẹ́ nínú ọ̀rá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ká bí ejò nínú agbada, igi tí ó bá sì ti ní gbòǹgbò kíká yóò wó lulẹ̀ nígbà tí ìjì bá jà, àní lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Kí a ya ọ̀rá náà kúrò pátápátá. Kí ihò jinlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀, kí a sì gbin igi náà ní ìwọ̀n jíjìn tí ó wà nínú ọ̀rá tẹ́lẹ̀, kí omi má baà kó jọ sí ìdí rẹ̀.

Ibi tí a óò gbìn ín sí ńkọ́? Igi yìí lè ga ju 80 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ní kékeré ó dàbí ìgbálẹ̀, onílé a sì fẹ́ kí ó wà lẹ́bàá fèrèsé. Èyí kò dára. Kí ó jìnnà sí ilé ní 30 ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán, kí ó sì jìnnà sí wáyà iná mànàmáná. Àwọn tí ń gbe omi òjò láti orí páànù gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú, nítorí ewé rẹ̀ a máa dí ojú ọ̀nà omi, a sì máa mú kí omi inú àgbá rùn.

Ewúrẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Kí a fi ọparun tàbí ẹ̀gún sọgbà yí i ká fún ọdún méjì. Èèkan ni ọ̀tá kejì. Kí a máa ro ìdí igi náà, kí a má jẹ́ kí èèkan bá a jà fún omi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, kí a bu garawa omi kan sí i lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ilẹ̀ Iyara kò sì ṣe aláìní òkúta. Òkúta pẹlẹbẹ tí a tò yí ìdí rẹ̀ ká, láìkàn án lára, yóò pa omi mọ́ sínú ilẹ̀, kò sì ní gbiná bí koríko gbígbẹ.

Iná ni ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é fojú kéré. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni igbó ń jó ní ilẹ̀ Okun. Ọdẹ ń ti iná bọ igbó, àgbẹ̀ ń sun oko, ẹlòmíràn a sì ju ìdí sìgá sínú koríko láìronú. Ọ̀pọ̀ igi ilẹ̀ yìí, bí emi àti igbá, ti mọ iná láti ìgbà pípẹ́. Bí ó tilẹ̀ jó wọn, wọ́n tún lè rúwé. Páìnì kékeré kò mọ ọgbọ́n náà. Iná kan ṣoṣo ti tó láti pa á. Èyí tí ó ti dàgbà ní èèpo nípọn tí ó lè gbà á lọ́wọ́ iná kékeré, ṣùgbọ́n oje wà lára rẹ̀, ewé gbígbẹ abẹ́ rẹ̀ sì ń jó bí ẹni da kẹrosíìnì sí i. Ìtumọ̀ èyí ni pé onípáìnì tí kò gbálẹ̀ abẹ́ igi rẹ̀ ti gbé ohun tí iná ń wá wọ inú àgbàlá, ewu náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ tirẹ̀ nìkan, aládùúgbò wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, kí oṣù Kọkànlá tó parí, kí a ti gbá gbogbo ewé abẹ́ rẹ̀ kúrò. Kí a ro ilẹ̀ yí igi ká mọ́ féfé ní 10 ẹsẹ̀ bàtà, bí igbó bá sì wà lẹ́yìn ọgbà, kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a gé àwọn ẹ̀ka gbígbẹ ìsàlẹ̀ tí iná lè gbà gun òkè. Ewé tí a gbá náà wúlò. Nígbà òjò, a lè tẹ́ ẹ sí ìdí ọ̀pẹ̀yìnbó tàbí ata, yóò dá èpò dúró. Kí a má kàn kó o jọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Nípa gígé, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ̀ka gbígbẹ nìkan ni a ń gé. Kí a má gé orí rẹ̀ nítorí pé ó ga jù, kí a má sì gé e fún ọṣọ́ Kérésìmesì, nítorí páìnì kì í rú padà bí dongoyárò. Orí tí a gé yóò sọ igi náà di oníwo méjì tàbí mẹ́ta, kò sì ní lẹ́wà mọ́. Ní ilẹ̀ gbígbóná, òmíràn a máa ga sókè bí ọ̀pá kan ṣoṣo tí kò ní ẹ̀ka, tí ewé bò ó bí ìrù kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Bí irúgbìn náà ti rí ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a tún yọ ẹ̀ka nígbà tí ó bá yá, ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ wọn nígbà ìjì, nítorí wọ́n máa ń tètè ṣẹ́.

Bí igi tí a ti gbìn sílẹ̀ bá dúró lójú kan, tí ewé rẹ̀ pọ́n tàbí tí ó pupa rẹ́súrẹ́sú, kí a má tètè hú u. Kí a gbẹ́ ihò kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìdí rẹ̀, kí ó jinlẹ̀ ní ínṣì 6, kí a bu erùpẹ̀ abẹ́ páìnì àgbà sínú wọn, kí a sì bò wọ́n. Ìgbà òjò ni kí a ṣe é. Ara igi náà lè tún padà wá láàárín àsìkò òjò kan.

Erùpẹ̀ yìí kò jìn ní bíbù: ínṣì 4 òkè, lábẹ́ ewé jíjẹrà, níbi tí òwú funfun ti hàn. Kí a bu ìwọ̀nba, kí a má ṣí gbòǹgbò igi onígi sílẹ̀, kí a sì fi ewé bo ojú ibẹ̀ padà. Kí a dì í sínú àpò tí ó tutù díẹ̀, kí oòrùn má pa á, kí a sì lò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí a má bù ú láti ìdí igi tí ń ṣàìsàn, kí a má sì gbé e wọlé láti orílẹ̀-èdè mìíràn, nítorí kòkòrò àti àrùn ń gbé inú erùpẹ̀, òfin àwọn aṣọ́bodè ohun ọ̀gbìn ní Nàìjíríà kò sì fàyè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni àkọ́kọ́ tí páìnì rẹ̀ bá yè ní àdúgbò ni yóò ní ìrìn-àjò jíjìn lọ bu erùpẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, abẹ́ igi tirẹ̀ ni àwọn aládùúgbò yóò ti máa gbé abọ́ wá.